Dẹ́rẹ́bà Tó Ń Ṣẹ́tí Ìborùn

Ohùn Jẹ̀lílì ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí òun fúnra rẹ̀. Ní gáréèjì Kuto, níbi tí ọkọ̀ Èkó ti ń gbèrò, ohùn yẹn máa ń la gbogbo ariwo já. Ọkùnrin gíga ni, ó fẹ̀ léjìká, ọwọ́ rẹ̀ sì tóbi débi pé bó bá di ìdarí ọkọ̀ mú, ṣe ló máa ń dà bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ dání. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó, tó ń wà á bọ̀. Bó bá ti kírun Àsúbáà tán, ó ti jáde nìyẹn. Ìgbà tó bá máa padà délé ní Kemta, àwọn ọmọ ti sùn, oúnjẹ rẹ̀ á sì wà nínú kúlà níbi tí wọ́n gbé e sí.

Saidat ìyàwó rẹ̀ a máa sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ẹ fẹ́ ọkọ. Ní tèmi, ìró ọkọ̀ ni mo fẹ́." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì padà sídìí kẹ̀kẹ́ ìránṣọ rẹ̀.

Télọ̀ ni Saidat. Ìlóro iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lórí àpáta pẹrẹsẹ kan tí bàbá Jẹ̀lílì kọ́lé lé. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé àti híjáàbù ló ń rán jù. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í purọ́ fún oníbàárà, èyí tó ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn télọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀.

Àṣà kan wà lọ́wọ́ Jẹ̀lílì tí Saidat kò fẹ́ràn. Bí ọkọ̀ bá ń gbèrò tí kò rí nǹkan ṣe, á mú bébà tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ já fún un, á fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ká a, á máa ká a, títí yóò fi tín-ín-rín bí igi ìtayín. Bí Saidat bá fẹ́ fọ ṣòkòtò rẹ̀, bébà kíká ni yóò máa kó jáde nínú àpò.

"Bàbá Mọ́níkẹ́, kí lẹ ń fi gbogbo èyí ṣe?"

"Ọwọ́ ló ń yún mi."

Bó ṣe máa ń dáhùn nìyẹn, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, òjò rọ̀ ní òwúrọ̀, gbogbo ara ọkọ̀ sì ń yọ̀. Màmá kan kó àpò láfún wá, ó fẹ́ kí wọ́n dì í sórí bọ́ọ̀sì. Jẹ̀lílì kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó gun orí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó di ẹrù náà tán, ó ní kí òun máa bọ̀ nílẹ̀, ni ẹsẹ̀ bá yọ̀. Orúnkún òsì ló fi balẹ̀. Muideen, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òun náà ń wa ọkọ̀ Èkó, ló fi bọ́ọ̀sì tirẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n yàwòrán ẹsẹ̀ náà, wọ́n ní kò ṣẹ́, ó yẹ̀ ni, kó lọ sinmi. Àwọn ẹbí rẹ̀ tún mú un lọ sọ́dọ̀ Bàbá Fárọ̀mbí ní abúlé kan lọ́nà Òdẹ̀dá, àgbẹ̀ tó mọ eegun tò láti ìran bàbá rẹ̀. Bàbá náà fi òrí ra orúnkún ọ̀hún títí Jẹ̀lílì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pe orúkọ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nàka sí oko tó wà lẹ́yìnkùlé.

"Ṣé o rí àgbàdo tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn yẹn? Títí yóò fi gbó, má fi ẹsẹ̀ yìí tẹ kílọ́ọ̀ṣì."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Eegun kì í gbọ́ àṣẹ dẹ́rẹ́bà, ọmọ mi. Lọ jókòó."

Bí Jẹ̀lílì ṣe di ẹni tó ń jókòó nílé nìyẹn o. Wọ́n gbé àga kan fún un ní ìlóro, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Saidat, wọ́n fi àpótí kékeré gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn bí ọjọ́ ọdún. Bí oníbàárà bá ti ń gun àpáta bọ̀ lókè, á ti kígbe pé, "Ẹ bọ́ síwájú, ààyè ṣì wà lẹ́yìn!" Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti ń bá àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá jà pé wọn ò mọ ọ̀nà gbà. Ó ń sọ fún Saidat bó ṣe yẹ kó to aṣọ sórí tábìlì. Ó ń bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ sè kí wọ́n tó jẹ èyí tó wà nílẹ̀ tán. Saidat wá bẹ̀rẹ̀ sí í wa kẹ̀kẹ́ ìránṣọ rẹ̀ kíkankíkan, kí ìró rẹ̀ lè bo ohùn ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kan ni Màmá Adétáyọ̀ wá. Aláró ni ní Ìtòkú, ìyá àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́, tí inú rẹ̀ sì mọ́ bí omi ẹ̀rọ.

"Àrẹdú o, Mà," ni Saidat kí i, ó sì kúnlẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi. Jẹ̀lílì, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń san díẹ̀díẹ̀, Mà. Ẹ kú àtijọ́."

Màmá tú ẹrù rẹ̀ sórí tábìlì. Sílíìkì ni, ó fẹ́lẹ́ débi pé èémí ènìyàn lásán ń gbé e. Ó ti fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ sí i lára kó tó rẹ ẹ́ sínú aró, gbogbo ibi tí ẹ̀kọ náà dé ló sì funfun báláú nínú dúdú. Ẹja wà níbẹ̀, ewé wà níbẹ̀. Ní etí aṣọ gan-an, yíká yíká, ó ya ẹsẹ̀ ẹyẹ tíntìntín, bí ẹni pé àdàbà kan rìn yí aṣọ náà po.

"Ìborùn ni wọn," ni Màmá wí. "Àwa aláró fẹ́ pàtẹ ọjà ní Ìbarà ṣáájú kí àwọn ọmọ tó wọlé ìwé. Iṣẹ́ tí mo ṣe tó wù mí jù láyé mi nìyí. Ṣùgbọ́n wo etí rẹ̀. Bí o bá ṣẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́tí híjáàbù, ìṣẹ́tí á gbé gbogbo ẹsẹ̀ ẹyẹ mi mì. Mo fẹ́ kó tín-ín-rín. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án ló máa tó mọ̀ pé wọ́n ṣẹ́ ẹ."

Saidat gbà á. Inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì já.

Nígbà tí Màmá lọ tán, ó mú àgékù sílíìkì tí Màmá fi kún un fún ìdánwò, ó fi í sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ jẹ ẹ́. Ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́ sí èyí tó kéré jù, ẹ̀rọ tún jẹ ẹ́, ó fà á wọ ihò ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá rí ewé. Ó wá dìde, ó lọ fọ ọwọ́, ó mú abẹ́rẹ́ ọwọ́ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ìbarà: ká etí aṣọ kó wọ inú ara rẹ̀, kí o sì rán an mọ́lẹ̀. Láti ìgbà ìrun Àìlà ọ̀sán títí di Alásàrì, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló parí nínú ìborùn kan. Ojú ń ta á, nítorí òwú dúdú lórí aṣọ dúdú kì í rọrùn fún ojú tó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Yunifọ́ọ̀mù sì ga bí òkìtì níwájú rẹ̀.

"Ma dá a padà fún wọn," ló wí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ ọ́ jáde ni.

Jẹ̀lílì gbọ́. Ó ti gbọ́ ìbínú lẹ́nu Saidat rí, ó ti gbọ́ àárẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ó dún bí ohùn ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń gbé òkèlè sẹ́nu. Ó yí ojú sí ojú ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì, ó mú àgékù sílíìkì tí ẹ̀rọ jẹ kù, àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn láìjẹ́ pé ó rán wọn.

Saidat ń kó òwú nílẹ̀ nígbà tó gbójú sókè.

"Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

Jẹ̀lílì fẹ́ jù ú sílẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran. "Ọwọ́ ló ń yún mi."

"Ẹ má jù ú sílẹ̀! Ẹ dúró bẹ́ẹ̀."

Ó wá sí tòsí, ó tẹ̀ ba. Etí aṣọ náà ti ká wọnú ara rẹ̀, ó yí gbirigbiri, ó tín-ín-rín bí okùn inú àtùpà, kò sí ibi tó fẹ̀ ju ibi kan lọ. Saidat wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ọwọ́ tó ti ń dá bọ́ọ̀sì dúró lójú ọ̀nà Èkó láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ó wo aṣọ náà, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí mo ń dà nù!" ló ń wí. "Àṣé ẹ ń kọ́ṣẹ́ ni!"

Ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó sì fi í lé e lọ́wọ́.

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín pé ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Kíká ló mọ̀, kò mọ rírán. Abẹ́rẹ́ kéré sí ìka rẹ̀ débi pé ó jábọ́ léraléra, ó sì fi gún ara rẹ̀ débi tí Saidat fi gba sílíìkì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà bà á jẹ́, ó fún un ní àlòkù búláòsì láti fi kọ́ ọ. Èyí tó kọ́kọ́ rán wú níbí, ó sọ̀ níbẹ̀, ó hun jọ bí etí ajá tó ti jà. Ó tú u. Ó tún un rán, ó tún tú u. Nígbà tó yá, Saidat rí i pé ọ̀rọ̀ télọ̀ kò lè wọ orí yìí, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè gáréèjì bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ ti ń sáré jù. Ẹ wọ gíà kìn-ín-ní."

"Mo ti wọ̀ ọ́."

"Ó dáa. Ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ mú fọ́nrán òwú kan ṣoṣo lára aṣọ nísàlẹ̀. Ẹyọ kan, kì í ṣe méjì o, ẹ má kó èrò kún un. Ẹ wá gba inú ibi tí ẹ ká yẹn kọjá, bí ẹni gba abẹ́ afárá. Ẹ tún jáde, ẹ tún mú ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má tí ì fà á. Ẹ lọ síwájú díẹ̀ sí i. Ó yá, ẹ wá fa òwú náà. Ẹ rọra! Ẹ má fà á bí bíréèkì ọwọ́!"

Jẹ̀lílì rọra fà á. Gbogbo òwú tó hàn síta wọlé lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Etí aṣọ pa ojú dé, ó di gbirigbiri, ó mọ́, bí ẹni pé bí wọ́n ṣe hun ún láti ìpilẹ̀ nìyẹn. Ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá, ó yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn.

"Saidat, òwú dà?"

"Ó wà nínú rẹ̀."

"Mi ò rí i."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Ọkùnrin yìí ti wa ọkọ̀ la òjò ńlá kọjá, ó ti kó ìyàwó tó ń rọbí dé ọsibítù rí, kò sì sí ọjọ́ kankan tí inú rẹ̀ dùn tó báyìí. Ó pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì bèèrè pé kí ló dé.

Igun ló le jù, níbi tí ẹ̀gbẹ́ méjì aṣọ ti pàdé. Ibẹ̀ ló ti bà á jẹ́ jù. Saidat ní, "Kọ́nà nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ dúró. Ẹ gé ṣóńṣó orí rẹ̀ díẹ̀, ẹ fi itọ́ kan ìka, ẹ ká a wọlé, ẹ gún un mọ́lẹ̀ kí ẹ tó yí orí padà." Láti ọjọ́ náà, bó bá ti dé igun, á fi ẹnu fun fèrè, pàáà, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á sì yà.

Báyìí ni iṣẹ́ bọ́ sọ́nà. Saidat ń rán yunifọ́ọ̀mù, Jẹ̀lílì ń ṣẹ́tí ìborùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, nítorí ẹni tó ń mú fọ́nrán òwú ẹyọ kan kò lè máa bá ọlọ́kadà jà. Ọ̀rọ̀ wá ń jáde láàrin wọn, ọ̀rọ̀ tí kò rí àyè jáde láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ó gbọ́ orin tí Saidat máa ń kọ bó bá ń gé aṣọ. Ó mọ oníbàárà tó ń sanra tó sì ń sẹ́. Saidat náà mọ orúkọ ìyá tó ń ta àkàrà lọ́nà Èkó tí ọkọ rẹ̀ kì í jẹ àkàrà ẹlòmíràn, ó sì ní òun máa wá kí ìyá náà lọ́jọ́ kan kí òun mọ bó ṣe rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ìyẹn gan-an.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, láìwo ojú rẹ̀, Saidat sọ pé, "Nígbà tí ẹ bá pẹ́ ní Èkó, tí fóònù yín kò lọ, mo máa ń wa kẹ̀kẹ́ yìí lásán."

"Lásán báwo?"

"Láìsí òwú, láìsí aṣọ. Kí àwọn ọmọ lè máa gbọ́ ìró rẹ̀ nínú yàrá, kí wọ́n rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe, pé kò sí nǹkan. Bí mo bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ yín, mo máa ń dá a dúró."

Jẹ̀lílì gún abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ, ó gbé e sílẹ̀, ó na ọwọ́ ńlá rẹ̀, ó sì fi í lé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Ó ní, "Ma máa tètè bọ̀."

"Inṣá Àlá," ni Saidat wí, ó sì fi etí híjáàbù nu ojú. "Ẹ mú abẹ́rẹ́ yín o, ẹsẹ̀ ẹyẹ Màmá ń dúró."

Ohun kan ló kù tó ń ba Jẹ̀lílì lẹ́rù: kí àwọn ará gáréèjì má rí i. Bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ ọkùnrin lórí àpáta, á ti fi ìborùn pa mọ́. Ní ọjọ́ tí Muideen wá kí i, kò rí ibi fi í pa mọ́ sí. Ó kó o sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé e, ó ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

"Ọ̀rẹ́ mi, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Há, Muideen, kò tí ì lè gbé mi rárá. Mi ò lè dìde."

"Ọlọ́run á ṣàánú." Muideen fa àga, ó jókòó, ó ní kí òun fọwọ́ kan èjìká ọ̀rẹ́ òun láti fi tù ú nínú. Ọwọ́ náà wúwo díẹ̀. Jẹ̀lílì rì sórí àga, ó sì rì sórí abẹ́rẹ́.

Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ ní òkè Kemta. Ẹni tí kò lè dìde fò dìde, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lórí ilẹ̀, ìborùn aláró sì so rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù òkín, abẹ́rẹ́ ló so ó mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Saidat fi yunifọ́ọ̀mù bojú. Muideen wo ìborùn, ó wo òwú, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Jẹ̀lílì... ṣé o ń ránṣọ ni?"

"Etí rẹ̀ nìkan ni!"

Muideen rẹ́rìn-ín títí ó fi dọ̀bálẹ̀ lórí àpáta, ó ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀. Kí ó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo Kuto ti gbọ́. Àwọn awakọ̀ ń wá ní méjìméjì wá wòran. Wọ́n sọ ọ́ ní Dẹ́rẹ́bà Abẹ́rẹ́. Wọ́n ní ó yẹ kó kọ ọ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Jẹ̀lílì kọ́kọ́ bínú, ṣùgbọ́n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ti rẹ́rìn-ín tán, á fọwọ́ kan etí aṣọ náà, á tún fọwọ́ kàn án. Muideen ló kọ́kọ́ padà wá ní ìrọ̀lẹ́, ó mú nǹkan kan jáde lábẹ́ agbádá rẹ̀ bí ẹni jí adìyẹ.

"Ọmọ mi obìnrin fẹ́ ṣe wòlímọ́tù Kùránì," ló wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Ìbòrí rẹ̀ nìyí. Ó ní òun ò fẹ́ kí etí rẹ̀ nípọn. Má sọ fún wọn o."

Jẹ̀lílì gbà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìbòrí ìyàwó awakọ̀ mẹ́rin ló wà lórí tábìlì, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì rò pé òun nìkan ló mú tirẹ̀ wá.

Nígbà tí Màmá Adétáyọ̀ wá gba aṣọ rẹ̀, ó na ìborùn àkọ́kọ́ sójú oòrùn. Ó tẹ̀lé etí rẹ̀ pẹ̀lú ìka dúdú rẹ̀ láti igun dé igun. Gbogbo ẹsẹ̀ ẹyẹ pé, kò sí ìkankan tó sọnù.

"Saidat, ọwọ́ rẹ kò ní rọ. Mo mọ̀ pé ìwọ ni ma gbé e fún."

"Mà, kì í ṣe èmi. Dẹ́rẹ́bà Kuto ni."

Màmá yíjú sí Jẹ̀lílì. Ó gba ọwọ́ rẹ̀, ó yí i padà, ó wo ojú àpá abẹ́rẹ́ tó wà lórí ìka, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ tó dúdú. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ló wí. "Ìwọ ni yóò bá mi lọ sí ìpàtẹ. Bí wọ́n bá bèèrè ẹni tó ṣẹ́ ẹ, mo fẹ́ kí wọ́n rí i."

Ó fi ọ̀pá lọ sí Ìbarà. Wọ́n fún un ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Màmá, wọ́n so àwọn ìborùn rọ̀ sórí okùn, atẹ́gùn ń fẹ́ wọn. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń lọ síbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ankará aláràbarà. Jẹ̀lílì mú un mọ́ra títí kò fi lè mú un mọ́ra mọ́. Ó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó dìde, ó la ẹnu, ohùn Kuto sì jáde.

"Ìtòkú, Ìtòkú, Ìtòkú! Sílíìkì tààrà! Ẹ wọlé, ẹ fọwọ́ kan etí rẹ̀! Bí ẹ bá rí òwú, ẹ dá mi dúró!"

Gbogbo orí yí padà. Àwọn obìnrin rọ́ wá. Wọ́n ń wá òwú, wọn ò rí i, wọ́n ń pe ara wọn kí wọ́n wá bá wọn wá a. Màmá Adétáyọ̀ ń dì, ó ń dì, omi ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó ku ìborùn kan lórí okùn, Jẹ̀lílì fi ọwọ́ lu tábìlì bí ẹni lu ilẹ̀kùn ọkọ̀: "Ó ku ẹnì kan! Ẹnì kan ló kù, a ti ń lọ!" Obìnrin méjì ló jọ di èyí mú, kí wọ́n tó gbà láti jọ máa yá ara wọn lò ó. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ bóyá wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ di òní.

Àgbàdo Bàbá Fárọ̀mbí gbó. Bàbá náà fi díẹ̀ ránṣẹ́ ní yíyangbẹ, ó ní kí Jẹ̀lílì wá fi ẹsẹ̀ náà han òun. Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó ní, "Ó ti gbọ́ràn. Máa wakọ̀ rẹ lọ." Bí inú Jẹ̀lílì ṣe dùn, bẹ́ẹ̀ ló rí i pé Saidat, tó bá a lọ, yí ojú sí ibòmíràn kí ó tó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wọn padà, Jẹ̀lílì sọ ohun tó ti rò. Ìrìn kan ṣoṣo ni yóò máa rìn lójúmọ́, Muideen ti gbà láti mú èyí tó kù. Kò ní jáde kí àwọn ọmọ tó jẹun àárọ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́tí sì ńkọ́? Tàwọn méjèèjì ni.

"Ìyá Mọ́níkẹ́, ṣé o gbà mí síṣẹ́?"

"Ẹ kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́ yín," ni Saidat dáhùn, gbogbo èrò ọkọ̀ sì wò wọ́n nítorí ẹ̀rín tí wọ́n jọ rín.

Bó ṣe rí di ìsinsìnyí nìyẹn. Bí ẹ bá dé Kuto ní àárọ̀, ẹ ó rí i lórí ìjókòó awakọ̀, sílíìkì lórí itan rẹ̀ lórí aṣọ funfun tó mọ́ tónítóní, tí ń ṣẹ́tí bí èrò ṣe ń wọlé.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àràmídé wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó jókòó níwájú. Ó ń lọ fojú kan ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní Èkó fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì ti sọ ọ́ fún àwọn èrò tó ń wọlé. Ilẹ̀kùn takisí tó gbé e wá ti fa etí ìborùn pupa rẹ̀ ya, ó ti tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi ọwọ́ bò ó, ojú rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Jẹ̀lílì rí i.

"Mú un wá, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin kẹ̀, sà?"

"Mú un wá."

Ó gé ibi tó ya kó dọ́gba, ó ká a, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Ọkọ̀ kún. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Dẹ́rẹ́bà, ṣebí a ti pé? Kí la tún ń dúró dè?" Ìyá kan dá a lóhùn pé, "Ṣé ìwọ ni wọ́n fẹ́ fi han ìyá ọkọ ni? Jókòó jẹ́ẹ́." Ẹlòmíràn ní kí wọ́n wá òwú tó pupa ju ìyẹn lọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní èyí gan-an ló bá a mu. Kí ó tó pẹ́, gbogbo ọkọ̀ ti na ọrùn síwájú, wọ́n ń wo ìka ńlá méjì yẹn bí wọ́n ti ń lọ létí aṣọ pupa náà. Jẹ̀lílì fa òwú. Etí aṣọ pa ojú dé. "Hẹ̀n!" ni gbogbo wọn wí lẹ́ẹ̀kan náà, ọkùnrin tó ń kùn pẹ̀lú.

Àràmídé ju ìborùn sórí èjìká, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí ọkọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Jẹ̀lílì gún abẹ́rẹ́ mọ́ fìlà rẹ̀, ó ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà Èkó lọ.